Lẹ́yìn ìwé ABD, kí ni àgbàlagbà yóò kà?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ni àjọ UNESCO yà sọ́tọ̀ fún mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lágbàáyé láti ọdún 1966. Bí ọjọ́ náà bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ènìyàn rere a máa kó páálí ìwé ABD wá sí Ẹ̀pẹ́ àti agbègbè rẹ̀. Wọ́n á pín ìwé, wọ́n á ya fọ́tò pẹ̀lú àwọn ìyá wa, wọ́n á ṣàdúrà, wọ́n á lọ. Ọlọ́run á san wọ́n lẹ́san. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá padà dé irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìwé lẹ óò bá nínú páálí, ẹ ò ní bá akẹ́kọ̀ọ́. Ìwé ABD kọ́ ló wọ́n wa. Ohun tó wọ́n ni ohun tí àgbàlagbà máa fi rí ìwé náà, àkókò tó máa fi ráyè wá, ọ̀nà tí ẹ̀kọ́ náà máa gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ tó wà nílé, àti ohun tó máa kà nígbà tó bá ka ABD tán. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló kan ẹ̀yin oníwèé ìròyìn jù, ibẹ̀ sì ni lẹ́tà mi ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ojú bẹ̀rẹ̀, torí òun ni àwọn olùrànlọ́wọ́ kì í rántí. Láti nǹkan bí ọdún 40, awò tó wà nínú ẹyinjú ènìyàn á ti máa gan, kò ní lè yí ara padà mọ́ fún ohun tó wà nítòsí. Ìyá tó ń dá ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ mọ̀ láti ọ̀ọ́kán lórí ọ̀sà kò ní rí lẹ́tà tó wà lórí itan rẹ̀. Kò ní sọ pé òun ò ríran, torí òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé ojú ni. Ohun tó máa sọ ni pé, “Orí mi ti dì, kò gba ìwé mọ́.” Olùkọ́ tí kò fura á gbà pé òótọ́ ni. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá ò wá mọ́.

Dídá a mọ̀ kò le. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí olùkọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní abẹ́rẹ́ àti òwú. Ẹni tó bá na ọwọ́ jìnnà, tó ju orí sẹ́yìn, tàbí tó dìde lọ sí ẹnu ọ̀nà láti wá ìmọ́lẹ̀, awò ojú ló nílò kó tó nílò ìwé. Awò ìkàwé tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ wà lọ́jà, nọ́ńbà sì máa ń wà lára rẹ̀. Ẹni tó wà láàárín ọdún 40 sí 45 sábà máa ń lo +1.00, ẹni tó ń súnmọ́ 50, +1.50, ẹni tó ti lé ní 50, +2.00, ẹni 60 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, +2.50 tàbí +3.00. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ọjọ́ orí nìkan pín in. Kí akẹ́kọ̀ọ́ di ìwé mú ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ̀ sí wọ́ọ́rọ́wọ́, kí a ti orí èyí tó kéré jù bẹ̀rẹ̀, kí a dúró níbi àkọ́kọ́ tí lẹ́tà kékeré bá ti hàn kedere. Bí a bá fún un ní èyí tó lágbára jù, á máa gbé ìwé sún mọ́ imú, orí á máa fọ́ ọ, á sì bọ́ awò náà sílẹ̀. Fún kíláàsì ẹni 20, kí ẹ ra +1.00 méjì, +1.50 mẹ́rin, +2.00 mẹ́rin, +2.50 mẹ́ta, àti +3.00 ẹyọ kan. Ẹni tí funfun bá wà lójú rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ń pọ́n tó sì ń dùn ún, tàbí tí ojú kan ń ríran tí èkejì ò ríran, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ. Kí wọ́n má ta awò ọjà fún un.

Ìmọ́lẹ̀ ló tẹ̀ lé ojú. Kíláàsì tó bá wọ àṣálẹ́ nílò iná sólà méjì ó kéré tán. Kí ọ̀kan wà lókè bọ́ọ̀dù, kí èkejì wà lẹ́yìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lápá òsì, kí òjìji ọwọ́ tí wọ́n fi ń kọ̀wé má baà bo ohun tí wọ́n ń kọ. Bọ́ọ̀dù náà ńkọ́? Ìlàjì páánù pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́rin, ti tó. Ọ̀dà dúdú tí kò dán ni kí wọ́n kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀dà tó ń dán á máa ta ìmọ́lẹ̀ padà sójú ènìyàn, ṣọ́ọ̀kì á sì máa yọ̀ lórí rẹ̀. Bó bá gbẹ, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀kì pa gbogbo rẹ̀ kó funfun, kí wọ́n nù ún kúrò, kí wọ́n tó kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ kò ní parẹ́ tán láéláé.

Ní ti àkókò, ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. Ẹni tó ń ná ẹja ní ọjà Olúwo ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹni tó ń yan ẹja sì wà nídìí ààrò di àṣálẹ́. Kíláàsì aago mẹ́wàá òwúrọ̀ tí wọ́n ń ṣètò láti ọ́fíìsì kò lè rí èyíkéyìí nínú wọn. Láàárín ìrun aláásàrí sí màgàríbì, lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, wákàtí kan àbọ̀ lọ́jọ́ kan, ló sábà máa ń rọrùn fún àwọn ará ìlú. Àwọn tó wà ní abúlé ẹja, ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó dá ọjọ́, kí ẹ sì bá ìyálọ́jà sọ ọ́ kó tó di pé ẹ bá káńsù sọ ọ́. Bí a bá ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 36, wákàtí 162 ni, ó sì tó fún ẹni tí ojú rẹ̀ ríran láti máa ka Yorùbá fúnra rẹ̀. Ìgbà tí ẹja bá ya, akẹ́kọ̀ọ́ lè máà wá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí olùkọ́ ti fi èyí sínú ètò, kí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan dá dúró fúnra rẹ̀, kí ìṣẹ́jú 20 àkọ́kọ́ máa jẹ́ àtúnyẹ̀wò, kó má sì sí pípe orúkọ ẹni tí kò wá ní gbangba. Ojú ń ti àgbà ju ọmọdé lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sí inú ẹ̀kọ́ gan-an. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń kọ́ àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi: a, b, d, e, ẹ, f, wọ́n á kọ ọ́ lórin, wọ́n á sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lórí lẹ́tà 25. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì ka ọ̀rọ̀ kan tó nítumọ̀. Ọ̀nà kan wà tó dára ju ìyẹn lọ, ó sì ti pẹ́. Ní ọdún 1963, Paulo Freire, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ Bùràsíìlì, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ kọ́ nǹkan bí 300 òṣìṣẹ́ ní ìlú Angicos ní Bùràsíìlì ní ìwé kíkà láàárín wákàtí 40, nípa fífi ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìgbésí ayé wọn bẹ̀rẹ̀, tó sì ń gé ọ̀rọ̀ náà sí sílébù. Èdè Yorùbá gba ọ̀nà yìí dáadáa, torí sílébù wa máa ń parí sí fáwẹ̀lì, àfi ìwọ̀nba n àti m tó ń dá dúró. Ohun tí ènìyàn bá ti lè gé lẹ́nu, ó lè gé e lórí ìwé.

Fún Ẹ̀pẹ́, ẹ mú ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré: ẹja, ọjà, ọmọ, omi. Lẹ́tà méje ló wà nínú wọn: ẹ, j, a, ọ, m, o, i. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ gbé àwòrán ẹja síwájú, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá: ta ló ń dá iye lé e, ta ló ń jèrè. Lẹ́yìn náà ẹ kọ ẹja, ẹ gé e sí ẹ àti ja, ẹ na ja jáde: ja, jẹ, ji, jo, jọ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ma, mọ, mi, mo. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ti fi lẹ́tà méje yẹn kọ ajá, àjà, ìjà, ijó, òjò, ọjọ́, ẹjọ́, ẹ̀jẹ̀, àjọ, ìjọ, àmì, ìmọ̀, ẹ̀mí, amọ̀. Wọ́n á ka gbólóhùn: Ọmọ mi jẹ ẹja. Ajá jẹ ẹja ọmọ mi. Mo mọ ọjọ́ ọjà. Ìyá tó bá ka “Mo mọ ọjọ́ ọjà” tán ní ọ̀sẹ̀ kejì máa wá ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìdánilójú wà lórí ìyẹn. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni kí ẹ mú owó, ilé àti aṣọ wá. Kí gb àti p dúró díẹ̀, kí an, in, ọn, un sì kẹ́yìn, torí n tó wà ní ìparí ibẹ̀ kì í ṣe lẹ́tà tí a ń pè sọ́tọ̀, ó sì ń da àwọn tuntun láàmú. Nítorí èyí, kí ẹ má fi àwọ̀n bẹ̀rẹ̀, bó ti wù kó súnmọ́ iṣẹ́ apẹja tó.

Kí àwọn olùkọ́ má sì fo àmì ohùn. Àwọn kan máa ń ní àwọn fẹ́ kí ó rọrùn, àwọn á fi àmì kún un tó bá yá. Ìnira ni wọ́n ń dá sílẹ̀. Láìsí àmì, ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọkọ̀ tó ń ná Ẹ̀pẹ́ sí Èkó, àti ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń jù, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lórí ìwé. Ẹ fi dò, re, mí kọ́ wọn, kí wọ́n máa fi ìka lu ú lórí tábìlì bí onígángan: ohùn ìsàlẹ̀, ọwọ́ lọ sísàlẹ̀, ohùn òkè, ọwọ́ lọ sókè, ohùn àárín, ọwọ́ dúró, kò sì gba àmì. Etí àgbàlagbà Yorùbá ti mọ gbogbo èyí láti inú àyájọ́, oríkì àti ìlù. Ojú nìkan ló kù.

Ní Ẹ̀pẹ́, ìrànwọ́ mìíràn tún wà tí àwọn tó ń ṣètò láti òkèèrè kì í kà sí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ń pè ní aláìmọ̀wé ló ti ṣe ilé kéwú. Wọ́n ń ka Àlùkùránì. Wọ́n mọ̀ pé àmì orí ìwé dúró fún ohùn ẹnu, wọ́n sì mọ̀ pé àmì kékeré tó wà lókè tàbí nísàlẹ̀ lẹ́tà a máa yí bí a ṣe ń pè é padà. Ẹ sọ fún wọn pé irú iṣẹ́ kan náà ni àmì ohùn àti ẹlẹ́sẹ̀ ṣ ń ṣe fún Yorùbá, wọ́n á yára gbà á. Ohun tó máa ń ṣì wọ́n lọ́nà ni ìhà tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀: ti kéwú ti ọwọ́ ọ̀tún wá, tiwa ti ọwọ́ òsì lọ. Ẹ fa ọfà kékeré kan sí òkè ojú ewé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, á tán. Ẹni tó bá ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní púrúǹtù kò mọ ohun tó ń sọ.

Ọwọ́ tó ti wa ọkọ̀, tó ti fa àwọ̀n fún ọgbọ̀n ọdún le, ó sì máa ń tẹ pẹ́ńsùlù mọ́lẹ̀ títí á fi kán. Báírò tún burú jù, torí kì í parẹ́. Pẹ́ńsùlù 2B tó rọ̀ ni kí ẹ rà, kí ẹ fi aṣọ wé e níbi ìdìmú kó tóbi díẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà sórí síléètì tàbí sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó bọ́ sórí ìlà ìwé.

Ní ti ìṣirò, wọn ò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn ní ríró owó pọ̀. Orí ìyá ẹlẹ́ja kan yá ju ẹ̀rọ ìṣirò lọ. Kíkọ ọ́ sílẹ̀ ni ìṣòro, ìdí rẹ̀ sì wà nínú èdè. Nígbà tí a bá pe 45 ní márùndínláàádọ́ta, àárùn-ún ni etí kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà àádọ́ta, akẹ́kọ̀ọ́ á sì kọ 550. Bí ẹ bá pe ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, 3000500 ni ọ̀pọ̀ máa kọ. Kí ẹ má bínú sí wọn. Ẹ fa ilé mẹ́rin sórí bọ́ọ̀dù, ilé ẹgbẹ̀rún, ilé ọgọ́rùn-ún, ilé mẹ́wàá, ilé ẹyọ. Ẹ di ìgbálẹ̀ mẹ́wàá mẹ́wàá ní ìdì, kí wọ́n fi kún ilé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó kọ nọ́ńbà sí i. Ilé tó ṣófo, òdo ni kó gbé ibẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ mú àlááàtì fóònù wá. Kí wọ́n mọ CR, owó tó wọlé, yàtọ̀ sí DR, owó tó jáde, kí wọ́n mọ Amt, iye tí wọ́n fi ránṣẹ́, yàtọ̀ sí Bal, iye tó wà nínú àpò báńkì, kí wọ́n sì máa wo Bal ní báńkì gan-an, kì í ṣe nínú àlááàtì nìkan, kí wọ́n tó gbé ẹja fún oníbàárà. Àwọn gbájúẹ̀ lè kọ iye tó bá wù wọ́n ránṣẹ́, àmọ́ iye tó wà ní báńkì gan-an kò ní yí padà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ mí lógún gidigidi. Ọ̀pọ̀ ètò ló máa ń kọ́ àgbàlagbà láti kọ orúkọ rẹ̀, tí wọ́n á sì ṣayẹyẹ pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ títẹ̀ka. Bí ẹ̀kọ́ bá dúró níbẹ̀, ewu ni. Òfin kan wà tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé: ẹni tó bá bá a kọ ìwé gbọ́dọ̀ kà á fún un, kó túmọ̀ rẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sínú ìwé náà. Ìyá àgbà tó bá kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sábẹ́ ìwé tí kò lè kà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ ní àǹfààní láti sọ pé, “Ṣebí ó mọ̀wé.” Ní agbègbè wa, níbi tí ilẹ̀ mọ̀lẹ́bí ti ń di ilé-iṣẹ́ àti ẹ́sítéètì lójoojúmọ́, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Kí olùkọ́ kankan má kọ́ ènìyàn ní ìbuwọ́lùwé láìkọ́ ọ ní ohun tó yẹ kó wá nínú ìwé ilẹ̀: orúkọ àwọn tó ń tà, tí gbogbo wọn pé, ìwọ̀n ilẹ̀, bóyá ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 ni wọ́n kọ tàbí òmíràn, iye owó, kí èyí tí wọ́n fi nọ́ńbà kọ àti èyí tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kọ má yàtọ̀, ọjọ́. Bó bá jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, kí ẹlòmíràn tí kì í ṣe ẹni tó ń ra ilẹ̀ bá a kà á kí ó tó mú báírò.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Ẹ lọ sí kíláàsì àgbà èyíkéyìí, ẹ máa bá wọn: ọ̀kan lẹ́yìn ìyá rẹ̀, méjì lẹ́nu ọ̀nà, mẹ́ta lójú fèrèsé. Olùkọ́ á máa lé wọn. Ní ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1980 sí 1990, wọ́n ṣètò ẹ̀kọ́ ìdílé kan tó jẹ́ pé dípò kí wọ́n lé ọmọ, ńṣe ni wọ́n mú un wọlé. Apá mẹ́rin ló ní: òbí ń kọ́ tirẹ̀, ọmọ ń kọ́ tirẹ̀, àwọn méjèèjì jọ ń kọ́ ọ pọ̀ fún àkókò kan, àwọn òbí sì ń jókòó sọ̀rọ̀ nípa títọ́ ọmọ. Kò gba owó tó pọ̀ láti ṣe é níbí. Kí ọjọ́ kan nínú ọjọ́ mẹ́ta tí kíláàsì ń wà jẹ́ ọjọ́ ọmọ, kí ìdajì wákàtí tó kẹ́yìn jẹ́ ti ìyá àti ọmọ lórí ẹní kan náà. Kí wọ́n lo ìwé Yorùbá tí ọmọ ń mú bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2018 ti mú kíkọ́ Yorùbá ní dandan ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti aládàáni, nítorí náà ìwé náà yẹ kó wà nínú báàgì ọmọ. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ti ìyá mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ti Yorùbá ni ìyá àti ọmọ lè jọ dì mú.

Àwọn ohun kan wà tó máa ń ba ìdajì wákàtí yìí jẹ́. Ìkíní ni kí wọ́n sọ ọmọ di olùkọ́ ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó bá sọ fún ìyá rẹ̀ lójú àwọn èèyàn pé “Ẹ ò mọ̀ ọ́n” ti lé ìyá náà kúrò ní kíláàsì nìyẹn. Kí iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra: ọmọ ń kà, ìyá ń béèrè. “Kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn? Kí ló dé tí ìjàpá fi ṣe bẹ́ẹ̀? Ká ní ìwọ ni ńkọ́?” Ìyá tí kò tíì mọ lẹ́tà kan lè béèrè bẹ́ẹ̀, irú ìbéèrè yẹn sì ni olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ń fẹ́ kí ọmọ máa dáhùn. Ó tún lè yẹ ìwé ọmọ wò nílé: ṣé ọjọ́ òní wà lókè ojú ewé, ṣé olùkọ́ ti fi báírò pupa máàkì rẹ̀, ṣé ojú ewé kan ti ya? Ohun kejì tó ń bà á jẹ́ ni fífi àwọn bàbá sílẹ̀. Bàbá tí kò mọ ohun tó ń lọ ní kíláàsì á ní àṣálẹ́ kì í ṣe àkókò ìrìn obìnrin. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ ní kó wá pa ìtàn iṣẹ́ odò fún àwọn ọmọ.

Ìtàn náà ló sì máa di ìwé. Ọ̀nà tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù nìyí. Kí ìyá tàbí bàbá pa àlọ́ tí kò ju gbólóhùn méje lọ. Kí ọmọ tó wà ní ìwé karùn-ún tàbí kẹfà, tàbí olùkọ́, kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu. Bó bá sọ ọ́ ní Ìjẹ̀bú, kí wọ́n kọ ọ́ ní Ìjẹ̀bú; olùkọ́ tó bá ń tún un ṣe sí Yorùbá àjùmọ̀lò á sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ àjèjì fún ẹni tó ni ín, á sì tún ṣòro kà. Ẹ ká bébà mẹ́rin sí méjì, ojú ewé 16 ni wọ́n á fún yín. Ẹ fi ojú ewé kan ṣe ẹ̀yìn ìwé, ẹ kọ gbólóhùn kan sí ojú ewé kan, kí àwọn ọmọ ya àwòrán sí ojú ewé tó kọjú sí i. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ńlá lu ihò mẹ́ta ní àárín, ẹ fi òwú àwọ̀n rán an. Pín-ìn-nì irin á dípẹtà létí ọ̀sà, òwú àwọ̀n kì í já. Ẹni tó pa àlọ́ náà máa ka ìwé rẹ̀ fàlàlà, torí ó ti mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ìgbà tó bá gba ti ẹnìkejì rẹ̀ ló máa wá kàwé ní tòótọ́. Kíláàsì ẹni 20 á ní ìwé 20 láàárín oṣù méjì.

Ta ló máa kọ́ wọn? Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọgbà ní Noforíjà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí díẹ̀ nínú wọn wá, pẹ̀lú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ márùn-ún ṣáájú, torí ẹni tí wọ́n kọ́ láti kọ́ ọmọdé á máa sọ fún Alhaja ẹni 60 ọdún pé “ẹ ká ọwọ́ sókè.” Àwọn àgùnbánirọ̀ dára fún ìṣirò àti fóònù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ẹ má gbé àmì ohùn lé wọn lórí. Ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àgbà wà ní ìpínlẹ̀, káńsù náà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 18, sọ pé kí ìjọba pèsè ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ọ̀fẹ́ fún àgbàlagbà bí ó bá ti ṣeé ṣe. Bí owó ìdúpẹ́ olùkọ́ bá pẹ́ ju oṣù méjì lọ kí wọ́n tó san án, ó ti kọjá “bí ó bá ti ṣeé ṣe.” Ìgbà yẹn gan-an ni olùkọ́ máa ń lọ.

Ó wá kan yín, Olóòtú. Nígbà tí Henry Townsend, míṣọ́nnárì ará Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Yorùbá ní Abẹ́òkúta ní 1859, ó fẹ́ kí ó di àṣà àwọn ènìyàn láti máa wá ìròyìn nínú ìwé. Àwọn tó ń jáde ní kíláàsì wa lónìí ń wá irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọ́n ń ra tiyín, wọ́n sì ń dá a padà sí orí tábìlì. Lẹ́tà rẹ̀ kéré, ìlà rẹ̀ há, ọ̀rọ̀ ń gé sí méjì ní ìparí ìlà, àmì ohùn ò pé. Ẹni tó ń kàwé fún oṣù mẹ́wàá kò lè bá “olù-” ní òpin ìlà kan kó sì wá “kọ́” lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ èkejì.

Mo bẹ̀ yín, ẹ fún wa ní igun kan lọ́sẹ̀, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Kí ìwọ̀n lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ pọ́ìntì 16, kó má dín, kó jẹ́ dúdú lórí funfun, kí ẹ má tẹ̀ ẹ́ lé àwọ̀ kankan. Ọ̀rọ̀ 100 sí 120, ìlà tí kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́jọ lọ, kò sí ọ̀rọ̀ tó gé. Àmì ohùn àti ti abẹ́ lẹ́tà pé lórí gbogbo ọ̀rọ̀. Kí ọ̀rọ̀ tuntun má ju márùn-ún lọ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tún wáyé ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ kan, bí a ṣe ń ka ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́ lára páálí. Lọ́sẹ̀ kejì, iye ẹja ní ọjà Olúwo. Lọ́sẹ̀ kẹta, àlọ́. Lọ́sẹ̀ kẹrin, ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé ilẹ̀. Kí ìbéèrè kan ṣoṣo wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí ìyá máa bi ọmọ. Bí ẹ bá fẹ́ àlọ́, àwọn ìwé tí a fi òwú àwọ̀n rán pọ̀ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Àti ìwé ìròyìn tí kò tà: kí àwọn fẹ́ńdọ̀ yín ní Ẹ̀pẹ́ má fi gbogbo rẹ̀ ta fún alákàrà. Ogún ẹ̀dà lọ́sẹ̀ tó fún kíláàsì kan, kódà bó bá ti pẹ́ lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Kí wọ́n kó o fún ìyálọ́jà, á dé ọ̀dọ̀ wa.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ẹ̀kọ́ àgbà kan,
Ẹ̀pẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó.